Ojú Tí Òǹtẹ̀ Bò Mọ́lẹ̀

Kí fótò aláwọ̀ tó kún ìgboro Kumasi, obìnrin kan wà ní Asafo tó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ló ń fún ojú àwọn èèyàn ní àwọ̀. Ẹ gbé fótò dúdú-òun-funfun fún un, yóò fi òwú tí ó wé mọ́ orí igi tín-ín-rín ra ọ̀dà mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, yóò fi búrọ́ọ̀ṣì tí kò nípọn ju irun ìpéǹpéjú lọ fa ètè, yóò sì sọ aṣọ tó rí bí eérú di kẹ́ńtè tó ń dán. Bó bá ṣe tán, ẹ óò rò pé ẹni inú fótò fẹ́ dá yín lóhùn ni. Sàwúdátù ni orúkọ obìnrin náà.

Ọmọ Ìlọrin ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ìlọrin ni ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n Krofrom ní Kumasi ni wọ́n bí i sí, kò sì mọ Ìlọrin ju orúkọ lọ. Bó bá ń sọ Yorùbá, Twi, èdè àwọn ará Kumasi, a máa wọ inú ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìkanlẹ̀kùn. Ní 1969, nígbà tí ìjọba Ghana ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú kó ẹrù wọn, àwọn òbí rẹ̀ wà lára àwọn tó lọ. Ọmọbìnrin tí kò tíì gbó ni Sàwúdátù nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin tó níwèé lọ́wọ́ ló gbà á sọ́dọ̀. Kí wọ́n tó wọkọ̀, bàbá rẹ̀ kó gbogbo ilé lọ sí ṣọ́ọ̀bù Cornelius, ayàwòrán tó wà lẹ́bàá ìdíkọ̀ Asafo, pé kó ya àwọn pọ̀. Nígbà tí fótò náà máa fi jáde, ọkọ̀ ti gbé wọn lọ. Sàwúdátù nìkan ló kù láti lọ gbà á.

Ọ̀dà ni Cornelius ń pò nígbà tó wọlé. Ó wo fótò, ó wo ọmọ náà.

"Ìyá rẹ ló wé gèlè yìí? Irú àwọ̀ wo ni?"

"Pupa ni, sà."

"Pupa bí epo tútù ni, àbí pupa bí epo tó ti rí iná?"

Sàwúdátù di ojú, ó ronú. "Èyí tó ti rí iná ni."

Cornelius po ọ̀dà, ó sì kun gèlè náà. Bí gèlè ṣe yọ láàárín eérú yẹn, ọmọ bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ tí àwọn òbí rẹ̀ ti lọ, omijé kan ò tíì bọ́ lójú rẹ̀. Cornelius ò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó na aṣọ ìnuwọ́ sí i, ó sì dúró títí ó fi sunkún tán. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹni tó lè di ojú rẹ̀ kó sì rí àwọ̀ tí kò sí níwájú rẹ̀, iṣẹ́ yìí lè gbà á. Bí àwọn ará ilé rẹ bá gbà, máa bọ̀."

Bó ṣe di akunfótò nìyẹn. Nígbà tí ó máa fi di ìyàwó ilé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn èèyàn ń bọ̀ tààrà, Cornelius fúnra rẹ̀ a sì máa jókòó tì í, yóò máa wò ó.

Ẹni tó bá wà ní Ghana ní 1983 kò ní gbàgbé ọdún náà láé. Òjò kọ̀, iná jó oko kòkó àti oko àgbàdo, àwọn ọmọ Ghana tí Nàìjíríà lé sì ń dé tẹrù-tẹrù sórí ebi tó wà nílẹ̀. Gbogbo èèyàn ló rù. Eegun àyà yọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ jìn. Ìyá kan wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan pẹ̀lú fótò òun àti ọkọ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tójú ń tì.

"Mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ ọ́," ni obìnrin náà wí, "fi ẹran díẹ̀ sí wa lẹ́rẹ̀kẹ́. N kò fẹ́ kí àwọn ọmọ wa dàgbà tán kí wọ́n máa rí wa báyìí."

Sàwúdátù fi ọ̀dà dí kòtò ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ bà lé ibi tí egungun ti yọ. Nígbà tí obìnrin náà rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó sì sunkún. Ó lọ sọ fún àwọn mìíràn. Ọdún yẹn, Sàwúdátù fi búrọ́ọ̀ṣì bọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn yó, òun fúnra rẹ̀ sì ń mu omi gààrí sùn.

Ó ti wà nílé ọkọ nígbà náà. Awakọ̀ ni Sùlèímọ̀n, ọkọ rẹ̀, iṣu ló ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó láti òkè ọya ti ilẹ̀ Ghana wá sí Kumasi. Gìrìpá ọkùnrin ni, ó dúdú, ó sì lẹ́nu ọ̀rọ̀. Bàbá rẹ̀ ni Àáfà Jùnáídù, tó ní ilé kéwú ní Krofrom, tí kò sí ọmọ Ìlọrin kan ládùúgbò náà tí kò jókòó síwájú wàláà rẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n mú Sàwúdátù wá kí i gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, Àáfà bi í ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Sàwúdátù sọ fún un.

"Sàwúdátù," ni Àáfà wí, "èmi ò ní gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo kà, òun ni mo mọ̀. Ẹni tó bá ya ohun ẹlẹ́mìí, lọ́jọ́ ìkẹyìn wọn yóò ní kó fún un ní ẹ̀mí, kò sì ní lè ṣe é. Mo kàn bẹ̀ ọ́, má gbé iṣẹ́ yìí wọ inú ilé mi."

"N kò ní gbé e wọlé, Bàbá."

Inú ilé Àáfà ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, ṣùgbọ́n kò gbé e wọlé. Àwọn méjèèjì pa májẹ̀mú náà mọ́ fún ọdún púpọ̀ láìsọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Oúnjẹ tó dára jù nínú ìkòkò Sàwúdátù, ti Àáfà ni. Bí Àáfà bá sì ń ṣàdúà fún àwọn ará ilé, orúkọ Sàwúdátù kì í gbẹ̀yìn.

Sùlèímọ̀n ò fi ojú ara rẹ̀ fún ayàwòrán rí, àfi ti ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tí ìjọba ní dandan ni. Ó ń bọ̀wọ̀ fún bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́. Bó bá dé láti ìrìn àjò, yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, yóò máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun pẹ̀lú ẹ̀pà, yóò máa fi Twi pa àwọn oníbàárà lẹ́rìn-ín. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní kó jẹ́ kí Cornelius yà á, ẹ̀rín ló máa rín.

"Ìwọ tí o ń wò mí lójoojúmọ́, kí lo fẹ́ fi fótò ṣe?"

Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fún wọn, ẹyọ kan ló dúró, ìyẹn Ràzíátù.

Nígbà tí a fi máa wọ 1990, ẹ̀rọ tó ń fọ fótò aláwọ̀ ti dé àárín ìlú. Ẹni tó bá ya fótò láàárọ̀ lè gbà á kí oòrùn tó yẹ̀ lórí, pẹ̀lú gbogbo àwọ̀ rẹ̀. Ta ló tún ń wá ẹni tí yóò fi òwú ra ẹ̀rẹ̀kẹ́? Cornelius ti darúgbó; ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó sì padà sí abúlé rẹ̀. Sàwúdátù bọ́ sídìí òkìrìkà, ẹ̀wù àwọn òyìnbó tí àwọn ará Kumasi ń pè ní obroni wawu. Ó ń ta á, ó ń jẹun, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò mọ ibi tó yẹ kó wà mọ́. Sùlèímọ̀n ló kọ́kọ́ kíyè sí i pé bí ìyàwó òun bá jókòó lásán, àtàǹpàkò rẹ̀ a máa yí lórí ìka ìfábẹ̀lá bí ẹni tó ń yí búrọ́ọ̀ṣì.

Bertha ló wá a rí. Obìnrin Asante ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Ayigya, létí ilé ẹ̀kọ́ gíga, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbé iṣẹ́ wá kí wọ́n bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ó wá ra ẹ̀wù lọ́dọ̀ Sàwúdátù, ó sì ń wo ojú rẹ̀.

"Ṣé ìwọ kọ́ lo kun fótò ìyá mi nígbà kan? Aṣọ aláwọ̀ ewé, ìlẹ̀kẹ̀ wúrà?"

"Ìyá tó ní ilà kékeré lẹ́bàá ojú?"

"Òun ni! Wọ́n ti kú. Fótò yẹn ló wà ní gbọ̀ngàn wa di òní."

Bertha ṣàlàyé pé òun ti ra ẹ̀rọ kan tó ń fa fótò sínú kọ̀ǹpútà. Kumasi kì í fi ìnáwó òkú ṣeré. Àwọn ẹbí ń fẹ́ àwòrán olóògbé tó tóbi, tí yóò dà bí èyí tí a fi ọ̀dà kùn sórí aṣọ, bíi ti àwọn àgbà ìgbà àtijọ́. Kọ̀ǹpútà lè sọ fótò di bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe ń kun ògiri náà ló ń kun ojú; bó ṣe ń kun ojú náà ló ń kun bàtà. Àwọn ẹbí ń wò ó, wọ́n ń ní ó dára, wọn ò sì sunkún. Bertha mọ̀ pé nǹkan kan ò pé.

Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pọ̀. Bertha fi sùúrù kọ́ ọ ní kọ̀ǹpútà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí Sàwúdátù bá di máòsì náà mú, ó dà bí ẹni tó ń fi ìgbọ̀nwọ́ jẹun. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ lórí tábìlì, nǹkan tó ń ṣe sì wà níwájú lójú gíláàsì kọ̀ǹpútà. "Me nua, ọmọ ìyá mi, rọra," ni Bertha máa ń wí. Nígbà tó yá, ọwọ́ gbọ́ràn. Kọ̀ǹpútà a kọ́kọ́ sọ fótò di àwòrán alọ́dà, lẹ́yìn náà ni Sàwúdátù yóò wá mú ojú, yóò máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ imú, òjìji abẹ́ ètè. Àwọn ẹbí tún bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Àsìkò òjò 1997 ni Sùlèímọ̀n kú.

Yaw ló mú ìròyìn wá, awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Yaw bá wá sílé wọn, ẹnu ọ̀nà ló máa ń bọ́ bàtà sí. Lọ́jọ́ yẹn, ó wọlé tòun ti bàtà. Kó tó lanu rárá, Sàwúdátù ti mọ̀.

"Due, Maame," ni Yaw ń wí, ó ń kí i pé pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó gbàgbé ọ̀rọ̀ yòókù. "Due, due."

Ìjánu ọkọ̀ ló já ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan kọjá Kintampo, lójú ọ̀nà òkè ọya. Àwọn Mùsùlùmí abúlé tó wà nítòsí ti wẹ òkú rẹ̀, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n sì ti sin ín kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Wọn ò mọ ilé rẹ̀. Ẹ̀sìn ní kí wọ́n má fi òkú pamọ́. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi lé Yaw lọ́wọ́ nígbà tó ń kọjá níbẹ̀, ó wé e sínú aṣọ ìnujú.

Wọ́n lọ bá Àáfà lórí awọ àgbò rẹ̀. Ó gbọ́ tán, ó ní, "Inná lilláhi wa inná iláihi rájiún." Lẹ́yìn náà ló bi Yaw, "Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

"Lèmọ́mù ibẹ̀ ni, Bàbá, àtàwọn èèyàn rẹ̀."

"Ṣé wọ́n kọjú rẹ̀ sí Kíbílà?"

"Wọ́n ní àwọn ṣe bẹ́ẹ̀."

Kò bi í ní ohun mìíràn. Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó kọ́ àwọn ọmọ kéwú bí ó ti máa ń ṣe. Àwọn ọmọ náà ló lọ sọ nílé pé Àáfà ò tún àṣìṣe àwọn ṣe mọ́. Pé bí àwọn bá ti kà á ni ó ń mi orí sí i.

Sàwúdátù jókòó opó rẹ̀ pé. Bertha ń wá láti Ayigya, a sì máa jókòó tì í. Ní ọ̀sán kan tí opó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, Ràzíátù ń ṣa ìrẹsì nínú àwo, ó dá ọwọ́ dúró.

"Ìyá mi, n kò rántí ẹnu Bàbá mi mọ́."

"Báwo lo ṣe wí?"

"Mo rántí ohùn wọn. Mo rántí ọwọ́ wọn, àti bí wọ́n ṣe ń rìn. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé orí ẹnu, n kì í rí i. Ẹ̀rù ń bà mí pé ojú ló kàn."

Sàwúdátù dìde, ó lọ tú aṣọ ìnujú Yaw, ó sì wo fótò inú ìwé àṣẹ náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Iwájú orí wà níbẹ̀, ojú méjèèjì wà níbẹ̀. Láti imú dé àgbọ̀n, òǹtẹ̀ ìjọba ni, àwọ̀ aró tó ti rá mọ́ bébà. Ó di ojú bí Cornelius ti kọ́ ọ, ó wá ẹnu ọkọ rẹ̀ kiri nínú òkùnkùn ìpéǹpéjú. Ohun tó rí ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, ẹ̀pà, ẹ̀rín. Ẹnu gan-an ò yọ. Ìgbà náà ló mọ̀ pé ohun tó ń ṣe ọmọ òun, ó ń ṣe òun náà.

Nígbà tó bọ́ aṣọ opó, Ayigya ló kọ́kọ́ lọ. Bertha fi ìwé náà sórí gíláàsì ẹ̀rọ, iná rẹ̀ kọjá lábẹ́ rẹ̀, ojú Sùlèímọ̀n sì yọ níwájú wọn, ó tóbi bí abọ́, òǹtẹ̀ bò ó lẹ́nu bí ẹni tí wọ́n ní kó má sọ̀rọ̀. Sàwúdátù jókòó tì í. Kò fẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án. Ó fara balẹ̀ pa òǹtẹ̀ náà rẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó fi àwọ̀ ara dípò aró, ó fa imú, ó fa àgbọ̀n. Nígbà tó kan ẹnu, ó fa irú ẹnu tó ti fà fún àìmọye ọkùnrin: ètè tó gún régé, tó pa dé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀ di àwòrán alọ́dà, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì mú un lọ fún ọmọ rẹ̀ ní ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó wà ládùúgbò, nítorí májẹ̀mú tó bá Àáfà dá.

Ràzíátù wò ó pẹ́.

"Ó rẹwà," ni ó wí. "Ó dà bí ẹni tó sùn dáadáa." Ó nà án sí ìyá rẹ̀. "Bàbá mi kì í sùn dáadáa."

Sàwúdátù gba àwòrán náà, ó tún un wò. Òótọ́ ni. Ó ti fi ẹran sí ọkọ rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó ti gba àárẹ̀ ojú ọ̀nà kúrò lábẹ́ ojú rẹ̀, ó ti gba eruku òkè ọya kúrò níwájú orí rẹ̀. Ó fẹ́ tọ́jú rẹ̀ ni, ó sì ti sọ ọ́ di àlejò. Ó ká àwòrán náà, ó fi í sílẹ̀ nílé ọ̀rẹ́ náà, kò sì padà sí Ayigya lọ́sẹ̀ yẹn.

Ràzíátù ló ń gbé oúnjẹ fún bàbá bàbá rẹ̀. Àáfà bi í ní ìdí tí ojú rẹ̀ fi wú. Ọmọ náà kò lè purọ́ fún un. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, Àáfà ránṣẹ́ pe Sàwúdátù. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Wọ́n ní o ya ọmọ mi," ni Àáfà wí.

"Ẹ má bínú, Bàbá. N kò gbé e wọ inú ilé yín."

"N kò ní o gbé e wọlé." Àáfà ń yí tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ó dá a dúró. "Sàwúdátù, ọmọ tí mo sin kò kéré. Ìwọ náà ti sin ọmọ, o mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo wẹ̀ wọ́n, èmi ni mo gbé wọn sínú ilẹ̀, mo sì rí ojú wọn kí n tó da yẹ̀pẹ̀ sí i. Èyí nìkan ni mi ò rí. Mo ń kírun, mo ń tọrọ àforíjì fún un, ó ń dà bíi pé ó ṣì wà lójú ọ̀nà, pé yóò dé kí ọjọ́ tó rọ̀." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí tẹ̀sùbáà. "Lọ mú un wá kí n rí i."

"Bàbá, ṣé nínú ilé níhìn-ín?"

"Mo ní kí o mú un wá."

Ó lọ, ó mú un wá. Àáfà ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó gba àwòrán náà, ó na ọwọ́ rẹ̀ jìnnà sí ara. Ó wo ojú méjèèjì, ó mi orí. Ó wo àgbọ̀n. Nígbà tó dé orí ẹnu, ó ṣe "ọ̀ọ́" kékeré bí ẹni tó rí àṣìṣe lára wàláà ọmọ kéwú.

"Ẹnu yìí kì í ṣe tirẹ̀."

"Òǹtẹ̀ ló bò ó, Bàbá. Mo wá a, n kò rí i."

"Ẹnu ìyá rẹ̀ ló ní. Ètè ìsàlẹ̀ yìí, ó máa ń yọ sí apá ọ̀tún bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Àti pé bó bá dákẹ́, kì í pa dé tán." Àáfà yọ awò ojú rẹ̀, ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Ọmọ rẹ ló ni ẹnu náà nísinsìnyí. Ṣé o kì í wo Ràzíátù ni?"

Omijé bọ́ lójú Sàwúdátù, kò sì lè nù ún nítorí ọwọ́ rẹ̀ wà nílẹ̀. Àáfà ń wo àwòrán náà títí tí ladáàní fi pe ìrun Màgàríbà. Ó wá dá a padà fún un, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà bí ẹni tó ń fa ọmọ léni lọ́wọ́.

"Ohun tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni mo ṣì mọ̀," ni ó wí. "Má gbé e kọ́ síbi tí à ń kírun. Ṣùgbọ́n tún ẹnu rẹ̀ ṣe. Má fi ẹnu ẹlòmíì sí ọmọ mi lójú."

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àtọmọ wọ ọkọ̀ lọ sí Ayigya. Bertha gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dúró de iṣẹ́ wọn padà wá lọ́jọ́ mìíràn, ó sì gbé àga fún Ràzíátù síbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti bọ́ sí i lójú.

"Jókòó jẹ́ẹ́," ni Bertha wí.

"Rárá," ni Sàwúdátù wí. "Kí ó máa sọ̀rọ̀. Ràzíátù, sọ nípa bàbá rẹ."

"Kí ni kí n sọ?"

"Ohunkóhun."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, bàbá òun máa ń gbé òun sórí ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀, yóò jẹ́ kí òun di ọwọ́ ọkọ̀ mú níbi tí ọkọ̀ ti dúró sí, yóò sì máa dún bí ẹ́ńjìnnì. Ó ní ọjọ́ kan ó gbé ẹyẹ awó wá láti òkè ọya, ẹyẹ náà já, ó sì wọ inú ilé kéwú, Àáfà pẹ̀lú gbogbo ọmọ kéwú ń lé e kiri. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń yọ sí apá ọ̀tún, fìrí, kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Sàwúdátù rí i. Ọjọ́ gbogbo ló ti ń rí i láìwò ó. Ó wo ọmọ, ó wo gíláàsì, ọwọ́ rẹ̀ sì ń rìn. Ó dá àárẹ̀ padà sábẹ́ ojú. Ó jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ jìn bó ti jìn. Ó ṣí ètè náà díẹ̀.

Nígbà tó yá, ó gbé ọwọ́ kúrò. Bertha, tó bá Sùlèímọ̀n pàdé díẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, fi ọwọ́ lé àyà.

"Ɛyɛ ɔno," ni ó wí lábẹ́ ohùn. Òun ni.

Ràzíátù dìde lórí àga, ó yí wá wò ó. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ẹnu ara rẹ̀, ó fi ìka tọ ètè tirẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í. Ẹkún tí wọn ò rí sun pọ̀ láti ọjọ́ tí Yaw ti wọlé tòun ti bàtà, wọ́n sun ún níbẹ̀, Bertha sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé.

Yàrá Ràzíátù ni wọ́n gbé àwòrán náà sí, nínú àpótí aṣọ, tí a fi aṣọ funfun wé. Wọn ò gbé e kọ́ sára ògiri. Bí ọmọ náà bá fẹ́ rí bàbá rẹ̀, yóò ṣí i. Bó bá wò ó tán, yóò wé e. Nígbà tí Yaw gbọ́, ó wá, ó bọ́ bàtà, wọ́n sì fi hàn án. Ó ṣí fìlà lórí, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o," kó tó rántí ara rẹ̀. Ojú tì í. Sàwúdátù ní kó má jẹ́ kójú tì í.

Àáfà ò bèèrè láti tún un rí. Ṣùgbọ́n ó padà sídìí títún àṣìṣe àwọn ọmọ kéwú ṣe, àwọn ọmọ náà sì lọ ráhùn nílé.

Nígbà ọyẹ́ ọdún kejì, Àáfà Jùnáídù náà kú, lórí ibùsùn rẹ̀, lẹ́yìn àìsàn tí kò pẹ́. Àwọn ẹbí wá láti Ìlọrin fún fídáù. Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti gbọ́ nípa iṣẹ́ Sàwúdátù, fi fótò kan hàn án tí wọ́n yà nígbà tí wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí kan ní Kumasi. Ní ìpẹ̀kun ọ̀tún, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ èèyàn, Àáfà wà níbẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ojú padà, bí ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ń ya òun.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí, "wọ́n ní ẹ lè sọ èyí di ńlá, kó dà bí èyí tí wọ́n fi ọ̀dà kùn. A fẹ́ gbé e kọ́ sí gbọ̀ngàn ilé."

Sàwúdátù gba fótò náà. Ó wò ó. Ó mọ̀ pé òun lè ṣe é; ó ti ń rí ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò ti bọ́ sí irùngbọ̀n rẹ̀. Ó dá a padà.

"N kò ní ṣe é. Bàbá ò fẹ́ ẹ."

"Wọ́n ti kú, ẹ̀gbọ́n mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n wà láàyè ni wọn ò fẹ́ ẹ."

"Báwo la ṣe máa wá fi ojú wọn han àwọn ọmọ nílé?"

Sàwúdátù pe Ràzíátù pé kó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó ti àlejò náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí Àáfà ṣe rí fún un: bí ó ṣe máa ń na ìwé jìnnà sí ojú, bí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣe pọ́n díẹ̀ létí nítorí làálì, bí ó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín nínú imú nìkan. Bí ìyá bá gbàgbé kan, ọmọ a rán an létí. Àlejò náà ń bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n ń dá a lóhùn. Nígbà tí wọ́n kírun Àsárì tán, wọ́n di oúnjẹ ìrìn àjò fún un, wọ́n sì sin ín dé ìdíkọ̀ Asafo.